Amelia Earhart

Ìlú Atchison ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a gbé bí Amelia Earhart ní ọdún 1897. Ní ọdún 1932, òun nìkan ni ó wa ọkọ̀ òfuurufú la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Kò sí obìnrin tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ọdún 1937, òun àti Fred Noonan tí ń tọ́ka ọ̀nà fún un gbéra láti fò yí ayé ká. Wọ́n ti fò tó ibùsọ̀ 22,000 kí wọ́n tó kúrò ní Lae, ní New Guinea, ní ọjọ́ 2 oṣù Keje. Ó ku agbami Pàsífíìkì. Erékùṣù Howland ni wọ́n dojú kọ, èyí tí kò gùn tó ibùsọ̀ méjì láàrin alagbalúgbú omi.

Ọkọ̀ ojú omi Itasca ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, ó ń rú èéfín kí wọn lè rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn atukọ̀ gbọ́ ohùn Amelia ketekete lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì: epo ń tán lọ, òun kò sì rí erékùṣù. Wọ́n dá a lóhùn títí, kò gbọ́ ohùn wọn. Bí orúkọ ti í ro ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ro ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ó ṣe, ohùn náà dákẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà wá wọn lójú omi àti lófuurufú títí di ọjọ́ 19 oṣù náà, pàbó ni ó já sí. Ní ọdún 1939 ni ilé-ẹjọ́ kéde pé Amelia ti kú. Ohun tí ó jọ òótọ́ jù ni pé epo tán, ọkọ̀ sì rì nítòsí Howland. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì rí i nísàlẹ̀ òkun.