Carlo Abarth: Ọkùnrin tó sọ mọ́tò mẹ̀kúnnù di eléré ìje

Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yóò ti rí ọmọkùnrin tó ń bẹ ọ̀gá pé kó bá òun gé sáléńsà, kí mọ́tò òun lè máa ké. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ariwo kọ́ leré o. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Karl ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Vienna, olú ìlú Austria, lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1908. Ìgbà tó fi Ítálì ṣe ilé ló di Carlo. Alùpùpù ló kọ́kọ́ fi ń sáré ìje. Lọ́dún 1934, ó gbé alùpùpù tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bá ọkọ̀ ojú irin Orient Express díje láàárín Vienna àti Ostend ní Belgium. Ó sì padà borí ẹ̀! Àmọ́ nígbà tí àwọn ọdún 1930 ń parí lọ, jàǹbá burúkú kan ní Yugoslavia dá a dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Bí eré alùpùpù ṣe parí fún un nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni ìtàn rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Ohun tí ara kò gbà kó ṣe mọ́, ó ní kí ẹ́ńjìnnì bá òun ṣe é.

Lẹ́yìn ogun, ó ń bá ilé iṣẹ́ Cisitalia ṣiṣẹ́ ní Turin. Nígbà tí Cisitalia wọ gbèsè, ó gba mọ́tò ìje àti pááTì dípò owó tí wọ́n jẹ ẹ́, ó sì dá iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1949. Àkeekèé ló fi ṣe àmì, torí pé ìràwọ̀ àkeekèé ni wọ́n bí i sí.

Sáléńsà ló fi ń rówó jẹun. Kò gé e lásán o. Bí èéfín bá ń jáde láìsí ìdíwọ́, afẹ́fẹ́ àti epo tuntun á ráyè wọlé; ibẹ̀ lagbára ti ń wá.

Ẹ wo ohun tó ṣe fún Fiat 600, mọ́tò ìdílé kékeré tó jáde ní 1955. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 633 cc, agbára ẹṣin rẹ̀ kò sì ju bí 22 lọ. Abarth fẹ ojú sìlíńdà díẹ̀, ó pààrọ̀ kráńkì kí pístìnì lè rìn jìnnà sí i, ó yí káàmù padà, ó sì fi kábúrétọ̀ tó tóbi sí i. Ó di 747 cc, agbára ẹṣin lé ní 40! Ó tún ń di àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí sínú àpótí tà fẹ́ni tó bá ti ní mọ́tò tiẹ̀.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ìje àti títì kì í béèrè ohun kan náà. Káàmù tó le jù á dùn lórí eré, ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á fẹ́ kú. Agbára púpọ̀ náà ń mú ooru wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí i pé ìdérí ẹ́ńjìnnì àwọn Abarth tó ń díje máa ń là sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ní 1965, Abarth, ọmọ ọdún 56, fẹ́ fúnra rẹ̀ wa mọ́tò fi gba àmì-ẹ̀yẹ eré ní Monza. Kò gba inú mọ́tò náà! Kí ló ṣe? Ó ń jẹ ápù títí tó fi jò tó nǹkan bí kílò 30. Ó wọlé, ó wà á, ó sì gbà á.

Ó ta ilé iṣẹ́ náà fún Fiat ní 1971, ó sì kú ní Vienna ní 1979.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gé sáléńsà yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá mẹkáníìkì yín pé kí ló máa wọlé nígbà tí èéfín bá jáde. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé mọ́tò yín, ẹ máa lọ ilé.