Édouard Lucas

François Édouard Anatole Lucas (4 Oṣù Kẹrin 1842 – 3 Oṣù Kẹwàá 1891) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ọmọ Fránsì tí a bí ní ìlú Amiens. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Paris, ó jagun Prussia, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́.

Ní 1876, ó fi hàn pé 2¹²⁷ − 1, tí díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 39, jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́: kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ dán àwọn nọ́mbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ní tó o. Lucas mú nọ́mbà kékeré kan, ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó yọ 2 kúrò, ó fi 2¹²⁷ − 1 pín in, ó sì fi àṣẹ́kù tún bẹ̀rẹ̀, títí àṣẹ́kù fi di òdo. Ọwọ́ lásán ló fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó rí nọ́mbà àkọ́kọ́ tó tóbi jù ú lọ títí di 1951.

Ó tún fi hàn pé 2⁶⁷ − 1 kì í ṣe àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó pín in. Frank Nelson Cole ló rí i ní 1903, nígbà tí Lucas ti kú: àfọ́kù àwo ló gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi àsè, ojú ọgbẹ́ náà sì ṣekú pa á.