Ìyá Hinderer ti Kúdẹ̀tì: Ìgbàgbọ́ Tí A Fi Ọwọ́ Ṣe

 Ọdún kẹwàá pé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìwé àjọ̀dún bí irú èyí máa ń ròyìn owó tí ẹgbẹ́ dá àti ohun tí ẹgbẹ́ fi í ṣe. Ìròyìn yẹn wà ní ojú ewé mìíràn. Níhìn-ín, a fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí ní ìlú Ìbàdàn wa títí di òní.

Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ọdún 1827 ni wọ́n bí i ní Hempnall, ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó ń dàgbà, ó di olùrànlọ́wọ́ fún àlùfáà ìjọ Lowestoft àti ìyàwó rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí Ìbàdàn ní 1851. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1853, wọ́n gba Èkó àti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn.

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Àwọn olóyè fún wọn ní ilẹ̀ ní Kúdẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ọkọ ni ó ń wàásù. Ní ti ìyàwó, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni tirẹ̀: ó ń wẹ ọmọ, ó ń di egbò, ó ń rán aṣọ, ó ń kọ́ni ní ìwé àti orin, ó ń tọ́jú aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ibà kò jẹ́ kí òun náà gbádùn. Olóyè kan fa Yéjídé ọmọ rẹ̀ obìnrin àti arákùnrin rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Obìnrin yìí kò bímọ rárá, ṣùgbọ́n Ìyá ni àwọn ọmọ Kúdẹ̀tì ń pè é.

Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ìbàdàn kọjú ìjà sí Kúrunmí, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà dá sí i, ọ̀nà etíkun sì dí. Ìjàyè tú ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Owó tí ó yẹ kí ó ti Èkó wá kò dé mọ́. Ilé kún fún ọmọ, ẹnu tí ń jẹun pọ̀, owó ẹyọ sì tán. Ohun tí ó rọrùn ni kí wọ́n tú àwọn ọmọ náà ká. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ohun èlò ilé, wọ́n dín oúnjẹ tiwọn kù. Àwọn ará ìlú tí kì í ṣe Kristẹni náà ṣàánú wọn, wọ́n yá wọn lówó. Ẹni tó ti ń di egbò ọmọ ẹlòmíràn láti ọdún yìí wá kì í ṣe àjèjì mọ́.

Ní 1865, ìjọba Èkó rán Captain Maxwell láti mú Ìyá gba ọ̀nà inú igbó jáde. Ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ó sinmi nílé, ó tún padà sí Ìbàdàn. Ní 1869 ni ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó sì kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Kì í ṣe gbogbo èrò rẹ̀ nípa àṣà wa ni a fara mọ́. Àlejò ni, ojú àlejò ni ó sì fi wo nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èso rẹ̀. Daniel Olúbí, tí ó kọ́kọ́ wá sílé wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ni ó ń bójú tó ìjọ Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Samuel Johnson, tí ó bá bàbá rẹ̀ dé láti Sàró ní 1858, kàwé ní Kúdẹ̀tì. Òun ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí lónìí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. A mọ aṣọ ẹgbẹ́ í dá, a mọ ìnáwó í ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wa wà lórí àìsàn, ọjọ́ náà gan-an ni owó wa wọ àkáǹtì rẹ̀ láti orí fóònù. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jókòó tì í. Owó tètè dé, ẹsẹ̀ ni kò tètè dé. Ó ti gbádùn báyìí, kò sì bínú sí wa, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa mọ̀.

Kristẹni àti Mùsùlùmí ni wá nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sì sí ẹ̀sìn kankan nínú méjèèjì tó ní kí á fi owó rọ́pò ara wa. Ní ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀, kí owó wa máa lọ, kí ẹsẹ̀ wa sì máa bá a lọ.