Castle, Ẹni tí ó Fi Òṣùwọ̀n sí Àwọ̀ Èkúté

Bí ènìyàn mẹ́ta bá dúró ti ewúrẹ́ kan lọ́jà, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan yóò pè é ní dúdú, èkejì yóò ní pupa ni, ẹ̀kẹta yóò sì ní àdíkálà ni. Àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í da ọjà rú, àfi bí ó bá jẹ́ ẹran ètùtù ni a wá rà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìwádìí, níbi tí a ti fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ dúdú ju ìyá tí ó bí i lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè gbé iṣẹ́ náà dúró. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wá òṣùwọ̀n fún un ni William Ernest Castle, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òṣùwọ̀n tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yìí kan náà ni ó padà dá a lẹ́bi níṣojú àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Castle. Ìlú Alexandria ní ìpínlẹ̀ Ohio ni a ti bí i ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ọdún 1867. Ó kàwé gboyè ní Denison ní ọdún 1889, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Látìn ní ìpínlẹ̀ Kansas, kí ó tó lọ sí Yunifásítì Harvard, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1895. Ní ọdún 1897, ó padà sí Harvard gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tún ṣàwárí iṣẹ́ tí Gregor Mendel, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ti ṣe lórí bí ìrísí òbí ṣe ń bọ́ sí ara ọmọ. Ohun ọ̀gbìn ni Mendel lò. Castle pinnu láti wò ó bóyá ó ṣẹ lára ẹran, àwọ̀ irun ni ó sì gbájú mọ́, nítorí pé ojú lè rí i láì pa ẹran náà.

Ní ọdún 1909, òun àti John C. Phillips yọ ilé ẹyin lára abo guinea pig dúdú kan, ẹranko kékeré aláìnírù tí àwọn ẹlòmíràn máa ń sìn nínú ilé. Wọ́n fi í sínú abo funfun kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ kúrò, wọ́n sì jẹ́ kí akọ funfun gùn ún. Ìyá funfun, bàbá funfun, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí ó bí, dúdú ni. Ara tí ó gbé oyún náà kò fi nǹkan kan kún àwọ̀ ọmọ.

Ṣùgbọ́n èkúté ni ó gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Irú èkúté kan wà tí orí àti èjìká rẹ̀ dúdú bí ẹni tí ó da ìborùn borí, tí ilà dúdú gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ìdí, tí ara yòókù sì funfun. Ilà náà fẹ̀ lára òmíràn, ó tín-ín-rín lára òmíràn, ó sì já lára òmíràn. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dúdú díẹ̀, díẹ̀ ti ẹnìkan lè jẹ́ púpọ̀ lójú ẹlòmíràn. Nítorí náà, Castle to àwòrán èkúté tẹ̀lé ara wọn, láti orí èyí tí funfun pọ̀ jù lára rẹ̀ dé orí èyí tí dúdú ti fẹ́ bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi òdo sáàárín. Bí dúdú bá ti ń pọ̀, nọ́ńbà ń gòkè. Bí funfun bá ti ń pọ̀, nọ́ńbà ń sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ òdo. Àlàfo tí ó wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì tún pín sí mẹ́rin. Èkúté kọ̀ọ̀kan ni a ń fi wé àwọn àwòrán wọ̀nyí kí a tó kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sínú ìwé. Lóòótọ́, ojú ènìyàn ṣì ni onídàájọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ; ṣùgbọ́n ojú tí ó ní ohun tí yóò fi wé ohun tí ó ń wò kì í tètè ṣìnà.

Láti ìran dé ìran, ó ń mú àwọn tí ó dúdú jù gun ara wọn, ó sì ń ṣe bákan náà fún àwọn tí ó funfun jù lọ́tọ̀. Nígbà tí òun àti Phillips fi tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1914, èkúté tí wọ́n ti yẹ̀ wò ju 20,000 lọ. Ìdílé kan ti dúdú ju èkúté àkọ́kọ́ èyíkéyìí lọ, èkejì sì ti funfun jù wọ́n lọ.

Kí ni ó fà á? Ó dá Castle lójú pé jíìnì ìborùn náà fúnra rẹ̀ ni ṣíṣà náà ti yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ bí H. J. Muller kọ̀ ọ́. Wọ́n ní jíìnì náà wà bí ó ti wà. Àwọn jíìnì kéékèèké mìíràn ni ṣíṣà náà kó jọ, èyí tí ń ràn án lọ́wọ́ tàbí tí ń dí i lọ́wọ́. Castle kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà orí ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Sewall Wright, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni ó dábàá bí a ṣe lè parí rẹ̀. Kí a mú èkúté láti ìdílé méjèèjì gun èkúté tí kò ní ìborùn rárá, kí a ṣa àwọn ọmọ-ọmọ tí ìborùn bá tún yọ lára wọn, kí a sì tún un ṣe títí di ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá jẹ́ jíìnì ìborùn ni ó yí padà, ìdílé dúdú yóò dúdú síbẹ̀, ti funfun yóò funfun síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ àjèjì yóò gbá wọn lọ, ìdílé méjèèjì yóò sì súnmọ́ ara wọn. Wọ́n súnmọ́ ara wọn. Ìdílé tí a ti fi ọdún púpọ̀ ṣà di funfun gòkè padà lórí òṣùwọ̀n náà bí ẹni tí ń padà sílé.

Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ni, Castle ì bá rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ni, tirẹ̀ sì ni. Ní ọdún 1919, ó kọ ọ́ jáde ní gbangba pé òun ti ṣìnà, ó sì pe àkọlé àpilẹ̀kọ náà ní àtúnṣe. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni nígbà náà, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn. Àgbà tí ń ṣe irú èyí kò pọ̀ níbikíbi.

Kò torí èyí di ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni ó ta ko T. H. Morgan lórí pé jíìnì tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Morgan ni ó jàre. Apá kan ìwé rẹ̀ ọdún 1916 sì dá lórí ẹ̀kọ́ búburú kan tí ó gbajúmọ̀ nígbà náà, pé kí a máa ṣa ènìyàn bí a ṣe ń ṣa ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Charles Davenport àti Morris Steggerda tẹ ìwé jáde ní ọdún 1929 pé ẹ̀yà ara àwọn tí òyìnbó àti adúláwọ̀ bí ní Jàmáíkà kì í bá ara wọn mu, Castle yẹ nọ́ńbà inú ìwé náà wò. Ní ọdún 1930, ó kọ̀wé pé nọ́ńbà wọn kò gbe ọ̀rọ̀ wọn.

Àwọn tí ó kọ́ ni ó gbé iṣẹ́ òṣùwọ̀n náà síwájú. Wright mú ti guinea pig lọ́kùn-únkúndùn, akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, Elizabeth Russell, sì tẹ iṣẹ́ jáde ní ọdún 1946 tí ó fi wo hóró aró inú irun èkúté kékeré lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi: iye wọn, ìtóbi wọn àti bí wọ́n ṣe tò. Lóde òní, ẹ̀rọ ni a ń tan sí irun láti ka iye ìmọ́lẹ̀ tí ó dá padà, a sì ń kọ àwọ̀ ní nọ́ńbà mẹ́ta.

Castle fẹ̀yìn tì ní ọdún 1936, ó sì kó lọ sí Berkeley ní ìpínlẹ̀ California. Níbẹ̀ ni ó ti yíjú sí àwọ̀ ẹṣin, iṣẹ́ tí ó le ju ti èkúté lọ, nítorí ẹṣin kì í bí ọmọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orúkọ tí àwọn olówó ẹṣin sì ń pe àwọ̀ kan náà kì í dọ́gba. Ní ọdún 1954, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ṣì ń tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí rẹ̀. Ó kú ní Berkeley ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ọdún 1962, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.