Wendell Scott: Awakọ̀ Ìje Tí Wọn Kò Yà ní Fọ́tò

Ìtàn ìgbésí ayé tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti olóṣèlú. Ti mẹkáníìkì kan ni.

Ẹni tó bá ti rí ìwé ìròyìn eré ìdárayá àtijọ́ láti Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ irú àwòrán tí a ní lọ́kàn: awakọ̀ ìje tí eruku bo lójú, tó ti bọ́ akoto, tó gbé ife-ẹ̀yẹ sókè, tí omidan arẹwà kan sì ń fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti gbé sí èèpo iwájú ìwé. Kódà, ní oṣù Keje ọdún 1965, ìwé ìròyìn TIME, tí kì í ṣe ti eré ìdárayá, gbé Jim Clark, awakọ̀ ìje ará Scotland, sí èèpo iwájú rẹ̀. Lónìí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ìje àtijọ́ ń fi owó gidi ra ìwé wọ̀nyí pa mọ́. Wendell Scott náà borí ìje ńlá, ó sì yẹ kó ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Kò ní i. Ìdí rẹ̀ ni a fẹ́ rò fún yín.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní Danville, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Ilé iṣẹ́ òwú àti ti tábà ló ń gba èèyàn síṣẹ́ ní ìlú náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Scott kò fẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá yóò máa dúró lé e lórí. Bàbá rẹ̀ mọ ọkọ̀ tún ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ Mary Coles ní 1943; ọmọ méje ni wọ́n bí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun lọ sí Yúróòpù, ọkọ̀ àwọn ológun ló sì ń tún ṣe níbẹ̀.

Nígbà tó dé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó sì ń wa tákísì. Owó kò tó ná. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ kó ọtí tí òfin kà léèwọ̀ lóru, ọtí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ògógóró wa, èyí tí àwọn Òyìnbó amúnisìn máa ń torí rẹ̀ ti àwọn bàbá wa mọ́lé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò yìí pẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tó ń sáré ju ti ọlọ́pàá lọ, Scott sì mọ bí a ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnnì kó lè sá eré àsápajúdé. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1949. Wọn kò jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta. A kò yin òfin rírú o, àmọ́ ẹ wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Ní 1952, àwọn tó ń ṣètò ìje ọkọ̀ ní Danville ń wá ohun tí yóò fa èrò wá. Wọ́n ní bí aláwọ̀ dúdú kan bá bá àwọn Òyìnbó díje, òǹwòran yóò pọ̀. Wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ láti béèrè ẹni tó mọ ọkọ̀ sá jù láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà. Orúkọ Scott ni ọlọ́pàá dá. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a kọ́kọ́ ka èyí: àwọn tó ń lé e lóru ló wá jẹ́rìí rẹ̀ lọ́sàn-án.

Bó ṣe di awakọ̀ ìje nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi ìje NASCAR, ẹgbẹ́ ńlá tó ń darí irú ìje yìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n lé e padà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó tún lọ, wọ́n tún lé e. Ó bá ń díje níbi tí wọ́n ti gbà á láyè, ó ń borí, títí alábòójútó kan ní Richmond fi fún un ní ìwé àṣẹ NASCAR láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lókè. Ní 1959 ó di ọ̀gá ìpele tirẹ̀ ní gbogbo Virginia. Ní 1961 ó bọ́ sí ìpele tó ga jù lọ.

Níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ń gbé ọkọ̀ tuntun fún àwọn Òyìnbó tí wọ́n ń bá a díje. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan fún òun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn gba ọjà páátì Evbareke kọjá yóò lóye bí Scott ṣe ń ṣe é: ọkọ̀ àlòkù, páátì àlòkù, táyà tí ẹlòmíràn ti lò tì. Òun ni awakọ̀, òun ni mẹkáníìkì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni wọ́n ń bá a pààrọ̀ táyà. Àwọn pápá ìje kan wà tí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ọdún 1963 wá dé. Ọdún gbígbóná ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ní Danville tí í ṣe ìlú Scott gan-an, àwọn ọlọ́pàá fi kùmọ̀ àti omi páǹpù bá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń fẹ̀hónú hàn jà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, Scott wà ní Jacksonville, ní Florida, lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ tí gígùn ìyípo rẹ̀ jẹ́ ìdajì máìlì. Ìyípo 200 ni ìje náà. Chevrolet tó rà lọ́wọ́ awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, Ned Jarrett, ló ń wà. Nígbà tó ku ìyípo bíi 25, ó kọjá Richard Petty, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń ṣòjòjò. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó rí iwájú rẹ̀.

Ó parí ìyípo tó yẹ, wọn kò ju àsíá sí i. Ó tún yí i ká, wọn kò jù ú. Nígbà tí àsíá ìparí máa fẹ́, Buck Baker ni wọ́n fẹ́ ẹ fún. Baker ni wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ lé lọ́wọ́, òun ni wọ́n yà ní fọ́tò níbi tí olúborí ń dúró sí. Scott fi ẹjọ́ sùn. Ó di ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà, tí òǹwòran ti túká, kí àwọn alákòóso tó jẹ́wọ́ pé Scott ló borí, pé ó fi odidi ìyípo méjì ṣáájú Baker. Wọ́n ní àṣìṣe ìṣirò ni. Ife ti bá Baker lọ.

Èrò Scott àti ẹbí rẹ̀ ni pé kò sí àṣìṣe kankan ńbẹ̀. Omidan Òyìnbó kan ń dúró de olúborí láti fẹnu kò ó lẹ́nu ní ojú gbogbo èrò, àwọn alákòóso kò sì fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Florida. Àwa náà gba èrò yìí gbọ́. Wọ́n san owó olúborí fún un, nítorí owó ṣeé san ní kọ̀rọ̀. Ìṣirò náà sì ṣeé tún ṣe. Fọ́tò ọjọ́ náà kò ṣeé tún yà. Ife onígi kan tí kò ní láárí ni wọ́n wá gbé fún un lẹ́yìn náà.

Scott kò bínú kúrò nídìí ìje. Láti 1966 títí di 1969, ọdọọdún ló ń wà láàrin àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní gbogbo NASCAR. Ipò kẹfà ló ṣe ní 1966. Ìwọ̀nyí gan-an ló yà wá lẹ́nu ju ìje Jacksonville lọ, nítorí ọkọ̀ àlòkù ló fi ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kọlu ara wọn ní Talladega, ní Alabama. Eegun ìhà àti ti ìbàdí rẹ̀ dá, ọkọ̀ tó yáwó rà sì run. Iṣẹ́ ìje rẹ̀ parí lọ́dún náà, lẹ́yìn ìje 495 ní ìpele gíga. Ní 1977 wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀, *Greased Lightning*. Richard Pryor ló ṣe Scott nínú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1990, lẹ́ni ọdún 69.

Ní 2015 NASCAR kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ní Daytona, wọ́n gbé ife ìje Jacksonville lé ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọdún 58. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló dúró ya fọ́tò náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Bubba Wallace di aláwọ̀ dúdú kejì tó borí ní ìpele yẹn. Talladega ni, lórí pápá tí Scott ti fara pa. Orúkọ Wallace ni wọ́n pè ní ọjọ́ náà gan-an, ó sì ya fọ́tò tòun ti ife lọ́wọ́.