Herbert Macaulay àti Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tí Ó Dá Sílẹ̀ ní Èkó

Lónìí, òṣìṣẹ́ tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1923. Nígbà náà, ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá tó 100 pọ́n-ùn nìkan ni òfin fún láyè láti yan aṣojú Èkó sí ìgbìmọ̀ aṣòfin.

A bí Herbert Macaulay ní Èkó ní ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1864. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n fún ìjọba títí di ọdún 1898. Lẹ́yìn èyí, ó di agbẹjà àwọn onílẹ̀. Ní ọdún 1920, ó bá Olóyè Amọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ilé-ẹjọ́ sì dá Olóyè Olúwa láre ní ọdún 1921.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1923 ni ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà, tí Alímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ aṣáájú wọn, dúró tì í gbágbáágbá, bí wọn kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ẹgbẹ́ náà gba ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ ti Èkó ní ọdún 1923, 1928 àti 1933. Ṣùgbọ́n Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè du ipò, nítorí ẹ̀bi tí ilé-ẹjọ́ dá a ní ọdún 1913.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà kan gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ Èkó ni agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé gbé ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement dìde, tí wọ́n sì dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní ìlú mìíràn, ọwọ́ NNDP rọ. Ní ọdún 1938, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gba gbogbo ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Macaulay kò jókòó tẹtẹrẹ. Ní ọdún 1944, ó di ààrẹ NCNC, tí Nnamdi Azikiwe jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kúrò ní Èkó wá ń yí ká Nàìjíríà ní ẹni ọdún 81. Kánò ni àìsàn ti kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún, ọdún 1946.

Ẹ̀tọ́ tí àwọn obìnrin ọjà ìgbà náà kò ní wà lọ́wọ́ gbogbo wa lónìí. Ẹ má jẹ́ kí a fi káàdì ìdìbò wa sílẹ̀ nínú àpótí.