Harold Ridley, dókítà ojú tó dé Funsi

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lósù yìí kì í ṣe ọmọ wa, ṣùgbọ́n àìsàn tó wá wò kì í ṣe àjèjì ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọdún 1906 ni wọ́n bí Harold Ridley ní England. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ ológun gbé e wá sí Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ló bá gòkè lọ sí Funsi, abúlé kan lápá àríwá tí ìfọ́jú pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kòkòrò dúdú kékeré kan wà tó máa ń pamọ sínú odò tó ń sáré. Tó bá ti ń jẹni, á máa fi aràn tín-ín-rín síni lára. Aràn á bímọ, àwọn ọmọ á máa rìn lábẹ́ awọ, ara á wá máa yún ni ṣáá. Inárun tí àwọn àgbà mọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá dé ojú, wọ́n á bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, èèyàn á sì rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ridley yẹ ẹyinjú wò dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ó rí àpá tí àìsàn yìí ń dá síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1945. Hissette, dókítà ọmọ Belgium, ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Kóńgò ṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àpá náà.

Mectizan tí wọ́n ń pín fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kò tíì sí nígbà náà. 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck kéde pé àwọn á máa fi tọrẹ. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ má bínú sí mi o, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbà á, wọ́n á sì jù ú sápò. Ọmọ aràn ló ń pa. Ojú tó ti fọ́ kò lè là á padà.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ridley ti ṣàkíyèsí pé èérún ike fèrèsé ọkọ̀ òfurufú tó wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun kì í fa wàhálà nínú ojú. Ní November 29, 1949, ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi lẹ́ǹsì tí wọ́n fi irú ike yẹn ṣe sójú obìnrin kan tí kátárákì ń dà láàmú. Àwọn ọ̀gá dókítà ta kò ó gan-an, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kẹ̀yìn sí i. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ kátárákì láyé òde òní, lẹ́ǹsì ni wọ́n sábà máa ń fi sí i lójú.

Nígbà tó darúgbó, tí ojú tirẹ̀ náà ṣú, irú lẹ́ǹsì yẹn ni wọ́n fi sí i, ní St Thomas' kan náà. Wọ́n fi í joyè Sir ní 2000. Ó kú ní 2001, lẹ́ni ọdún 94.